Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹnjiníà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yà kiri

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fa yọ: ìrìnàjò iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n wá bá ara wọn nínú àwọn iléeṣẹ́ aṣẹ̀ṣẹ̀dá tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní startup. A gé wọn kúrú díẹ̀, a sì yọ ohun tó lè tú àṣírí àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

*

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọdún 2008 ni mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀ka ti mẹkáníìkà. Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Bauchi, físíìsì ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama, nítorí pé kò sí iléeṣẹ́ kankan nítòsí tó lè gbà mí. Mo padà dé ilé, iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan sì gbà mí láti máa tọ́jú àwọn jẹnẹrétọ̀ tó ń fún òpó tẹlifóònù ní iná káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn náà mo lọ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu, níbi tí mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń rọ ọ́ sínú ìgò. Ní 2015, ọ̀rẹ́ mi kan fà mí lọ sí Yábàá, sí iléeṣẹ́ aṣẹ̀ṣẹ̀dá kan tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà tí àwọn èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà wọn. Owó tán lọ́wọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo bọ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ta iná sólà fún àwọn ará abúlé, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to ìsọfúnni jọ tí a sì ń mú ọgbọ́n jáde nínú rẹ̀. Lónìí, iléeṣẹ́ ìsanwó ni mo wà ní Èkó, mo wà lára àwọn tó ń pinnu ohun tí áàpù wọn gbọ́dọ̀ máa ṣe àti bí yóò ṣe máa ṣe é.

Ẹni ogójì ọdún ni mí báyìí. Nígbà tí àwa tí a jọ jáde ṣe ìpàdé, mo rí i pé àwọn kan ti di ọ̀gá àgbà láàárín àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ epo rọ̀bì, àwọn kan ń kọ́ni ní yunifásítì, àwọn kan sì ti fìdí kalẹ̀ sí Kánádà. Nígbà tó kàn mí láti sọ ohun tí mò ń ṣe, àlàyé náà gùn débi pé mo sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bàbá mi, tó fi owó kòkó rán mi lọ sí iléèwé, ṣì máa ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Wọ́n ní ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo, ká má tíì wá sọ ti ẹni tó lé márùn-ún. Ṣé mo fi àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣòfò ni? Báwo ni kí n sì ṣe sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹni tó bá fẹ́ gbà mí, tí kò fi ní rí mi bí ẹni tí kò nídìí?

Èmi ni,
Ẹnjiníà Alárìnkiri, Ìbàdàn

*

Ọ̀rẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì bá wa kí Bàbá. Ohùn ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ni mo gbọ́ nínú lẹ́tà yín, ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ tiyín tán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó tẹ ọ̀nà náà wọ́.

Nígbà tí Bàbá yín wà ní ọ̀dọ́, ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ń to ọkọ̀ akẹ́rù Leyland pọ̀ ní Ìbàdàn níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń to Volkswagen ní Èkó, wọ́n ń to Peugeot ní Kàdúná. Ìjọba dá iléeṣẹ́ tí yóò máa rọ ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú ìrètí pé inú rẹ̀ ni irin gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù yóò ti máa wá. Nígbà tí ẹ fi máa jáde ní 2008, Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún kan ṣáájú, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà lọ́dún tí ẹ jáde gan-an. Ìléru Ajaokuta kò sì tíì pọn irin kankan. Ohun tó ń gbèrú nígbà náà ni tẹlifóònù alágbèéká, tí Econet àti MTN gbé dé ní 2001. Òpó tẹlifóònù gbọ́dọ̀ rí iná tọ̀sán-tòru, iná ìjọba kò sì ṣe é fọkàn tán, nítorí náà wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìdí òpó lẹ́yìn òpó, láti ìlú ńlá dé inú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà mẹkáníìkà tó yẹ kó wà nídìí ìléru ṣe bá ara rẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ Yábàá náà ṣe rí nìyẹn. Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ọjà tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ dé ilé oníbàárà, ìlú wa kò sì ní ètò ìfíwèéránṣẹ́ tó lè gbé e dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ pọ̀ tó gun ọ̀kadà ọ̀hún, tí àwọn olùdókòwò láti òkè òkun sì fi owó sí i. Ní oṣù kẹfà 2016, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tí wọ́n fi so náírà, dọ́là kan kúrò ní 197 náírà ó sì kọjá 280 lójú kan náà. Iléeṣẹ́ tó ń gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà, àmọ́ tó jẹ́ pé dọ́là ni ó fi ń ṣe ìṣirò fún olùdókòwò, rí i pé owó tó ń wọlé ti dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni hùwà ọ̀lẹ. Èmi kò mọ inú ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ẹ̀bi bó ṣe kógbá wọlé lé orí ara yín bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí owó tán.

Àwọn tí à ń pe orúkọ wọn lónìí pàápàá kò rìn tààrà. Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì, kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oníná ní Ifẹ̀, ó lọ sí yunifásítì Columbia ní New York, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, títí kan Verizon. Ó padà wálé ní 2005 láti di ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MTN. Ibẹ̀ ni ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì wa ń falẹ̀, ó sì wọ́n, nítorí pé wáyà abẹ́ òkun tí orílẹ̀-èdè wa gbára lé kò tó, àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà. Ó dá MainOne sílẹ̀ ní 2008. Ní 2010 wáyà tirẹ̀, tó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí, gba Accra dé Èkó. Iléeṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 2022 ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé obìnrin náà jí lọ́jọ́ kan, ó ju okùn sínú òkun. Wọn kì í ka ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ti fi ṣiṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ ọn. Mitchell Elegbe náà kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oníná ní yunifásítì ìlú Benin, ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ orí kànga epo rọ̀bì, kí ó tó dá Interswitch sílẹ̀ ní 2002, kí àwọn báńkì wa lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa owó.

Mi ò dárúkọ wọn láti fi tù yín nínú, torí pé àwọn tó borí nìkan ni à ń gbọ́ orúkọ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì rin irú ọ̀nà yìí tí kò sí ẹni tó ra iléeṣẹ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé nǹkan kan wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbé láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn, tí ó sì ń wúwo sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí ni tiyín?

Ẹni tó bá ti tọ́jú jẹnẹrétọ̀ òpó tẹlifóònù mọ̀ pé iṣẹ́ náà kọjá ti ẹ̀rọ nìkan. Epo dísù tí wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn rà kì í sábà bá èyí tó wà nínú táǹkì mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ fi iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ wé iye epo tó jó, kí ó sì mọ̀ bóyá mítà ló bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ló fa díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lóru. Nísinsìnyí tí ẹ wà nínú iléeṣẹ́ ìsanwó, nígbà tí báńkì bá ní òun ti san owó, tí oníṣòwò ní òun kò rí i, tí àkọsílẹ̀ tiyín sì ń sọ ohun kẹta, ṣé ẹ kò rí i pé iṣẹ́ ìdí òpó náà ni ẹ tún ń ṣe? Ní iléeṣẹ́ ohun mímu, ẹ kọ́ pé tí ẹ̀rọ bá dúró, kéèyàn jí i padà kò tó; kéèyàn wá ohun tó mú un dúró ni, kí ó sì má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà ṣi ohun tó tún un ṣe mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ẹnu ọ̀nà kóòdù nìkan wọlé kì í tètè mọ èyí. Lórí ọ̀kadà Yábàá, ẹ rí i pé ojúlé tí oníbàárà kọ lè jẹ́ "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ìyá alákàrà", àti pé ẹni tó ní òun yóò sanwó tí ọjà bá dé lè pa fóònù rẹ̀ nígbà tí ọjà bá dé lóòótọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti sólà. Àwọn tó ń ṣe irú òwò yẹn sábà máa ń ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó pa ara rẹ̀ tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí owó kò wọlé. Ìṣirò ẹni tó ń gba owó oṣù nìyẹn. Àgbẹ̀ oníkòkó kì í gba owó oṣù. Owó rẹ̀ ń wọlé nígbà tí ó bá kórè tí ó sì tà, lẹ́yìn èyí ọ̀dá owó á dá. Iléeṣẹ́ tó bá fi dandan lé ọgbọ̀n ọjọ́ yóò máa pa iná fún oníbàárà tó ṣeé fọkàn tán, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ajẹgbèsè. Ẹ̀yin tí owó kòkó rán lọ sí iléèwé kò nílò olùkọ́ kankan láti rí èyí, àmọ́ mo ti pàdé àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí wọn kò rí i.

Bí wọ́n bá ní kí n pe gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan, n ó ní iṣẹ́ yín ni láti mú kí ẹ̀rọ àti ètò ṣiṣẹ́ níbi tí iná ti ń lọ, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, tí ojúlé kò ní nọ́ńbà, tí owó oníbàárà kò sì ní ọjọ́ kan pàtó tó ń wọlé. Ibi iṣẹ́ márùn-ún ni, iṣẹ́ kan ni. Ohun tó ń jẹ́ kó dà bí ìrìnkiri ni pé orúkọ ipò ni ẹ fi ń sọ ọ́, orúkọ ipò kò sì jọra. Nínú CV yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà lónìí, kí ẹ máa lọ sẹ́yìn. Lábẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣòro tí ẹ bá níbẹ̀, ohun tí ẹ ṣe sí i, àti ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi iye kan sí i, ẹ fi èyí tí ẹ lè gbèjà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi yín bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ẹ ṣe ní Bauchi ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, gbólóhùn kan tó o.

Iléeṣẹ́ tó kógbá wọlé yẹn, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ pé owó tán, wọ́n sì tì í, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe ní àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn: ṣé àwọn ọlọ́kadà gba owó wọn, ta ló dá ọjà tó wà nílẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín, ta ló dá oníbàárà tó ń bínú lóhùn? Tí èmi bá fẹ́ gba èèyàn sí iṣẹ́, ìbéèrè yẹn ni mo máa kọ́kọ́ bi í, torí pé nígbà tí iléeṣẹ́ bá ń kú ni à ń mọ òṣìṣẹ́ tó ṣe é fi ilé sílẹ̀ fún.

Kò wá yẹ kí n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó dúró sójú kan mọ ohun kan jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe mọ èyíkéyìí lọ, kò sì sí CV tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà nílẹ̀ wa. Tí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ rọra fọwọ́ sí lẹ́tà yín. Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì fi ìdá 8 kún un. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni èèyàn ń lò láti iṣẹ́ kan dé òmíràn, nítorí náà gbogbo ibi tí ẹ ti kọjá ló yẹ kó hàn lójú ìwé kan. Ẹ lọ gba ìwé náà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wo oṣù tí ó ṣófo, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ aṣẹ̀ṣẹ̀dá máa ń yọ owó yìí nínú owó oṣù nígbà mìíràn láìfi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Èrò tèmi ni pé ẹ ti rìn tó báyìí. Ọ̀rọ̀ ìsanwó jinlẹ̀, ẹ dúró nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi di ẹni tí wọ́n ń wá bá, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́ tó bá tún fẹ́ fà yín lọ síbòmíràn nítorí pé ara ń yá a.

Ní ti Bàbá, ẹ má ṣe pe orúkọ ipò yín fún wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àpò báńkì wọn lójú wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé ibi tí owó náà gbà, àti ibi tí yóò wà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já ní agbedeméjì, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé kò sọnù. Wọ́n ti ta kòkó fún àwọn oníṣòwò láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó sanwó àti ẹni tó ní òun ti sanwó. Tí wọ́n bá tún mú ọ̀rọ̀ eku wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé eku kan náà ni, ihò ló ń pààrọ̀.

*

Olóòtú,

Oníṣòwò àdìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kọ́ nípa ìmọ̀ ilé àti afárá kíkọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní kí ó wá bá àwọn nínú iléeṣẹ́ áàpù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ yóò wálẹ̀ sí ìdajì, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò fún un ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín iléeṣẹ́ náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀, Paystack ni ó máa ń fi dá mi lóhùn. Ṣé kí n kọ̀ fún un?

Ìyá Ẹnjiníà, Abẹ́òkúta

*

Màmá, ẹ kú ọjà o. Paystack tí ọmọ yín ń sọ, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015, Stripe, iléeṣẹ́ ìsanwó òkè òkun kan, sì rà á ní 2020 ní iye tí àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Àmọ́ Akinlade ti ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nínú iṣẹ́ tó kọ́ gan-an sì ni. Ọmọ yín ń ti orí ọ̀nà ọlọ́dà lọ sí orí áàpù, ìrìn tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdá 5 yìí, nítorí pé ohun tó ń dun àwọn òbí lẹ́yìn ọ̀la nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kì í gbé e lé èèyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni pé yóò fi ọdún mẹ́rin gbà á díẹ̀díẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan gbà kí ọdún kìíní tó pé; tí ó bá kúrò ní oṣù kọkànlá, tàbí tí wọ́n lé e, ọwọ́ òfo ni. Èkejì, bí olùdókòwò tuntun bá ṣe ń wọlé ni ìpín àwọn tó wà nílẹ̀ yóò máa dín kù, tí ìdá 5 lè di 3. Ẹ̀kẹta ló le jù. Ká ní àwọn olùdókòwò ti fi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là sínú iléeṣẹ́, tí wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù méjì. Nínú irú àdéhùn tí wọ́n sábà máa ń ṣe, àwọn olùdókòwò ni yóò kọ́kọ́ gba owó wọn, mílíọ̀nù méjì náà yóò sì parí sọ́wọ́ wọn. Ìdá 5 nínú ohun tó kù kò lè ra òṣùwọ̀n aṣọ kan lọ́wọ́ yín.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ kọ̀ fún un. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ìyá rẹ̀ kọ̀ fún yóò ṣe é lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í bí ẹ ṣe máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ gba ọjà àwìn: níbo ni wọ́n kọ àdéhùn náà sí, ṣé iléeṣẹ́ náà ní ìwé lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ni ín? Owó tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí, oṣù mélòó ni yóò gbé? Tí owó oṣù bá pẹ́, ta ni kì í gba tirẹ̀ kí àwọn yòókù tó gbà? Tí kò bá mọ ìdáhùn, kí ó padà lọ béèrè, ọ̀rẹ́ tó bá bínú sí irú ìbéèrè yìí kì í ṣe ẹni tí à ń bá dòwò pọ̀. Ohun kan tí èmi máa dúró lé, bí mo bá wà nípò yín, ni pé kí ó kọ́kọ́ parí àwọn ọdún tí ó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹnjiníà tó ti gba ìwé COREN, kí òun náà lè gba tirẹ̀. Ìwé yẹn ṣòroó padà wá gbà fún ẹni tó bá ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ wà tí ó lè fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí dìgbà náà, tí iléeṣẹ́ náà bá sì ti kú kí ìwé rẹ̀ tó jáde, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀ láìná ìdajì owó oṣù.

*

Bàbá olóòtú,

Mo wà ní HND ọdún kìíní nílé-ìwé gbogboǹṣe, ẹ̀ka iná mànàmáná. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, pé ibẹ̀ ni owó wà. Mi ò ní kọ̀ǹpútà gidi. Kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlaròó

*

Ọmọ wa, parí HND rẹ. Ní 2014 tí Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó mọ́pọlọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní kóòdù, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun. Nígbà tó di 2019, wọ́n dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, torí pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà wọn ń béèrè. Láti ìgbà náà, àwọn akọ́ṣẹ́ kóòdù ti pọ̀ sí i, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ kóòdù sì ti dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, ọjà tí wọ́n ń sọ ló ti yí padà.

Wo ẹ̀gbẹ́ tìrẹ náà. Òfin iná mànàmáná tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa pèsè iná, kí ó máa pín in, kí ó sì máa ṣàkóso rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó ti gba àkóso náà sọ́wọ́. Ẹni tó lè so ínfátà àti bátìrì tí ilé kò fi ní jóná ṣọ̀wọ́n ju bí o ṣe rò lọ. Kóòdù tí mo fẹ́ kí o kọ́ ni èyí tó kan iná: èyí tó ń ka mítà, tó ń sọ iye tó kù nínú bátìrì, tó ń pa ẹ̀rọ kan kí òmíràn lè ṣiṣẹ́. Pátákó Arduino kékeré kan, tí èèyàn lè kọ kóòdù sí kó máa darí ẹ̀rọ, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù sì tó fún un. Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ bóyá o lè lo ti yàrá ìṣàyẹ̀wò lẹ́yìn tí ẹ bá parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì wá oníṣẹ́ sólà kan ní Ìlaròó tí yóò jẹ́ kí o máa tẹ̀ lé òun lọ́jọ́ Sátidé. Tí o bá ti mú kí ohun kan ṣiṣẹ́, kọ̀wé sí wa padà, kí o sì fi àwòrán bí o ṣe so wáyà rẹ̀ sí i.